Ìròyìn Ọkọ̀ Tí A Kà Sódì

Ilé Àwọn Olùkọ́,
Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 1999.

Àjọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kánò lọ́hùn-ún? Bàbá Ìdíátù ńkọ́? Ìdíátù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ obì o, ọjà á tà. Ara tèmi le báyìí. Mo ní báyìí, torí bí o bá rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ò ní mọ̀ mí.

O mọ̀ pé inú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó igi gẹdú lọ sókè òkun ni Ọládayọ̀ ọkọ mi ti ń se oúnjẹ. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, Ephraim àbúrò rẹ̀ gbọ́ lórí rédíò pé ọkọ̀ náà rì, wọn ò sì rí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí oòrùn fi wọ̀, Sábáàtì dé, o sì mọ̀ pé nínú ìjọ wa, a kì í tan rédíò títí oòrùn Sátidé yóò fi wọ̀. À ń gbàdúrà ṣá, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, mi ò mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí a tàn án nírọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n ń sọ.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, a gba ọ̀dọ̀ Hephzibah lọ, ará ìjọ wa tí ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ó ní ojúewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá a ṣa àkọlé ìròyìn oríṣiríṣi ìwé ìròyìn jọ, tó ń tò wọ́n sábẹ́ ara wọn. Bí tuntun bá dé, ti àná ò ní sọnù. Ó ṣí i fún wa, wọ́n sì pè é síta.

Èmi àti Ephraim kà á láti òkè wá sílẹ̀, bí a ṣe ń ka Bíbélì. Ti òkè ní wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ láàyè nínú ọkọ̀ kékeré kan. Ti àárín ní ìjì dá àwọn tó ń wá wọn padà. Ti ìsàlẹ̀ ní ọkọ̀ ti rì, wọn ò rí ẹnì kankan. Àjọkẹ́, ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Ephraim gun ọ̀kadà, ó ní òun gbọ́dọ̀ sọ fún Màmá wọn ní Irolu kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta.

Hephzibah bá mi nílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ mi, ó ní ṣé a ò rí aago tí wọ́n kọ síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni? Òkè ni tuntun ń wà, bí ẹ̀yin ní Kánò ṣe ń da obì tuntun lé ti àtijọ́ nínú agbọ̀n. Ó ṣí ti òkè, orúkọ wọn ló wà níbẹ̀: Ọládayọ̀ Kọ́mọláfẹ́, alásè. Wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ọkọ̀ Hephzibah la fi lé Ephraim. A bá a níwájú Màmá, ó ti mu omi ife méjì, kò tíì lè la ẹnu. Ephraim tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi! Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pariwo pé ó wà láàyè. Màmá ní ta ló sọ pé ó kú? Ikú tó fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ la ń dú.

Bá mi kí Bàbá Ìdíátù dáadáa, kí o sì kí gbogbo ará Ṣàgámù tó wà lọ́dọ̀ yín.

Ó kù díẹ̀. Ọládayọ̀ pè mí ní Ọjọ́bọ̀. Láti ọdún méjì tó ti lọ ni mo ti ń to ìjà jọ dè é. Gbogbo rẹ̀ pòórá lórí mi. Mo ní ṣé ó ti jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló dá mi lóhùn pé òun ti jẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà tí a wà ní Ofin, ní Ṣàgámù,
Modúpẹ́olúwa Kọ́mọláfẹ́.