Ilé Ìkàwé Tí A Kò Gbọdọ̀ Ti Gbóhùn Sókè

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ọ̀nà Etí Ọ̀sà,
Ajah, Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 1982.

Babátúndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́, àbí òun ló fà á tí n kò fi gbúròó rẹ láti ìgbà yìí? Èmi wà, a dúpẹ́. Ara le, inú ni kò dùn.

O rántí ilé ìkàwé tí káńsù ṣí fún wa lọ́dún tó kọjá, yàrá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja, tí mo ní kí o wá wò. Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Ó ti kú. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe pa á fún ọ.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, olúkúlùkù ní ń fi ojú ara rẹ̀ kàwé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti kírun Àsárì tán, èmi a jókòó, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń hun àwọ̀n àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja a sì yí mi ká. Mo ń kà, wọ́n ń gbọ́. Àwọn ni wọ́n ń yan ohun tí a ó kà. Ìwé lórí ọ̀sìn adìẹ, wọ́n ní kí n tún un kà. Èyí tí èmi fi gbogbo ẹnu yìn fún wọn, ìwé kan lórí ìwà ọmọlúàbí, Mọ́rúfù awakọ̀ ní òun ti ní bàbá nílé.

Ìwé tó wá mú wọn lọ́kàn ni ìtàn opó kan tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba oko àgbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Fàúsátù tó ń yan ẹja, tí òun náà jẹ́ opó, kì í jẹ́ kí n sinmi. Yóò máa bá ìwé sọ̀rọ̀: “Má tẹ̀ka sí ìwé wọn o, ìyá. Irọ́ ni wọ́n ń pa.” Ìtàn ti fẹ́ parí nígbà tí Olóyè Olúrántí ti Lọ́ńdọ̀nù dé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló lò lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n èdè wa ti ń há a lọ́fun. Káńsù fi í ṣe alága ilé ìkàwé. Ó bá wa níbi tí a ti ń kàwé, ó na ọ̀pá sí mi.

“Tíṣà, kí lariwo yìí? Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ nínú láíbìrì, ẹ ó gbọ́.”

Mo ní, “Olóyè, ní Ajah níbí, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́, a ó bi ara wa ta ló ni ín.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín yẹn ló bí i nínú. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àkọlé kọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè, ìwé kankan kò sì gbọdọ̀ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ó wá dá Fàúsátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó mọ̀wé kà ni ilé ìkàwé wà fún.

Fàúsátù ní, “Ẹ ṣeun, Olóyè. Ẹni tó ti yó lẹ ń bu oúnjẹ fún.” Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó lọ.

Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ilé ìkàwé dákẹ́ rọ́rọ́ bí Olóyè ṣe fẹ́. Ó ku èmi àti aláǹgbá. Mo kọ̀wé sí káńsù, wọn kò fèsì. Nígbà tí wọ́n dé níkẹyìn, wọn kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ará Ajah kò fẹ́ràn ìwé. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni ọkọ̀ wọn wá kó gbogbo ìwé náà lọ. Yàrá ti di ti Olóyè. Ibẹ̀ ló ti ń ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń ti Èkó wá, wọ́n sì ń pariwo bó ṣe wù wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, Fàúsátù sáré dé bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ìwé náà. Ó bi mí pé èwo ni tiwa. Mo nàka sí i lẹ́yìn ọkọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní ti ìjọba ni. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé mo mọ bó ṣe parí, n ó sọ fún un. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè.

“Ẹ má sọ ọ́, Tíṣà. Ẹ kà á.”

Mo ti wá ìwé náà dé Ìdúmọ̀tà, n kò rí i. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Jọ̀ọ́, bá mi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀. Bá mi kí Modúpẹ́ ìyàwó rẹ, kí o sì kí Ọlákẹ́mi àti àwọn ọmọ yòókù. Fàúsátù ṣì ń kọjá níwájú ilé mi láràárọ̀. Ó ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kì í dúró mọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́ ni,

Kàsímù Àyìndé