Màmá Kì í Ṣe Iwin: Sí Sachie, ní Ọdún Kẹtàlá

Sachie, àbúrò mi, ọdún méjìlá rèé tí o lọ. Àlùfáà tẹ́ḿpìlì ní ìrántí ọdún kẹtàlá ni à ń ṣe, torí pé ọdún tí o kú gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Méjìlá ni o, mẹ́tàlá ni o, inú ń bí mi sí ọ. Wọ́n ní a kì í bínú sí òkú. Èmi ń bínú.

Ọdún méjìlá! Chinatsu, ọmọ-ọmọ mi tí o máa ń di irun fún, ti di nọ́ọ̀sì. A ti pààrọ̀ òrùlé ilé tí yìnyín fẹ́ wó. Ilé iṣẹ́ tí Màmá ti ń rọ ẹja sínú agolo ti di ilé ọtí àwọn àlejò. Ṣọ́ọ̀bù ẹja gbígbẹ wa ṣì wà ní Hakodate níbí, èmi ni mo ṣì ń ṣí i láràárọ̀, bí orúnkún tilẹ̀ ń ro mí.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà. Lọ́dọọdún, tí ìgbà ooru bá dé tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ìtàn abanilẹ́rù wọn, wọ́n á tún gbé orin rẹ jáde, orin obìnrin inú kànga tí o kọ nígbà tí o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n á pa iná, wọ́n á ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, wọ́n á wá gbé e dé ẹsẹ kejì, níbi tí ohùn kan ti kérora lẹ́yìn ohùn tìrẹ. Àwọn ọmọge á pariwo, ara wọn á bù máṣọ. "Ohùn òkú nìyẹn! Obìnrin tó kú sínú kànga ló ń kérora!"

Irọ́ ni! Irọ́ funfun báláú!

Ìyá wa ni. Ìwọ mọ̀, èmi náà mọ̀. Ìwọ lo ní kí Màmá wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n wá sí Tokyo wá wo bí ọmọ wọn ṣe ń kọrin. Igun yàrá ìgbohùnsílẹ̀ la jókòó sí, mo di ọwọ́ wọn mú. Ẹ̀dọ̀fóró Màmá ti bàjẹ́ nígbà náà, ikọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, wọ́n ń gbé ikọ́ mì, títí ìkérora kan fi bọ́ lẹ́nu wọn. Ọkùnrin tó ń gbohùn sílẹ̀ ní ká tún un kọ. O ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ta ló máa gbọ́ ọ?"

Gbogbo ilẹ̀ Japan ló gbọ́ ọ, Sachie!

Màmá kú ní ìgbà yìnyín ọdún yẹn. Ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e ni ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé iwin wà nínú orin rẹ. Wọ́n gbé ọ lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ níbí, mo ń retí pé wàá sọ òótọ́. O wọ kimono funfun bí aṣọ òkú, o fi ọwọ́ bo ẹnu, o ní, "Mi ò mọ ẹni tó ni ohùn yẹn o." O ò mọ ẹni tó ni ín! Ohùn tó máa ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, ohùn tó ń pè ọ́ wá jẹun!

Mo pè ọ́ lórí fóònù. "Sachie, ṣé orí ẹ pé? Màmá lo ò mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìyá arúgbó kan ló ń wúkọ́, ta ló máa tún gbọ́ orin mi?"

"O ò tiẹ̀ tijú!"

O rẹ́rìn-ín, o gbé fóònù kalẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà ooru lo ń wọ kimono funfun yẹn. Èmi náà dákẹ́, torí pé ọmọ ìyá mi ni ọ́, mi ò fẹ́ dójú tì ọ́. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ yẹn, ó ń bí mi nínú ju irọ́ tìrẹ lọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, Ọ̀gbẹ́ni Wakui wá láti ilé iṣẹ́ tó ni àwo orin rẹ. Ó gbé páálí ìpápánu lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ìrántí inú ilé wa, ó jó tùràrí fún ọ. Ó ní orin náà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n fẹ́ tún un gbé jáde, ó ku kí n fọwọ́ sí ìwé torí èmi ni ajogún rẹ.

"A ti ní ẹ̀rọ tuntun báyìí, mà," ó ní. "A máa jẹ́ kí ohùn iwin yẹn jáde ketekete."

"Iwin wo?"

"Èyí tó wà ní ẹsẹ kejì, mà."

"Gbójú sókè, ọmọ yìí. Wo fọ́tò tó wà lókè orí ẹ. Ìyá mi nìyẹn. Àwọn lò ń pè ní iwin, tó o sì ń mu tíì nílé wọn!"

Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ẹ̀ fò sókè. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní kò burú, màá fọwọ́ sí i, tí wọ́n bá lè kọ ọ́ sára páálí àwo pé Kurosaki Tome, ìyá akọrin, ló ni ohùn ẹsẹ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó pè mí. Ọ̀gá rẹ̀ ní tí wọ́n bá kọ ọ́, orin náà ò ní ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́. Mo ní kí ọ̀gá rẹ̀ lọ fi ìyá tiẹ̀ dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Mi ò fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo dí orin rẹ lọ́nà. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Ó dun èmi náà, torí pé olóhùn iyọ̀ ni ọ́, Sachie, kò sí ẹni tó kọrin tó ọ. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tìrẹ lọ fún àádọ́ta, a ti bá a.

Lónìí, lẹ́yìn tí àlùfáà ka ìwé mímọ́ tán, mo gbé àwo àtijọ́ sórí ẹ̀rọ lójú gbogbo ẹbí. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, mo ní, "Ìyá wa nìyẹn." Kò sẹ́ni tó pariwo. Chinatsu tẹ́tí, ó ní kí n tún un gbé. Ó wá wò mí lójú.

"Màmá àgbà, ìnira wọn mà pọ̀ o. Ṣé kò sẹ́ni tó gbé wọn lọ sí ọsibítù ni?"

Àwa méjèèjì la wà níbẹ̀, Sachie, a gbọ́ ìkérora wọn, a sì ń bá orin náà lọ títí ó fi tán. Ta ni màá bá pín ìtìjú yìí, tí kì í bá ṣe ìwọ? Ìdí nìyí tí àárò rẹ fi ń sọ mí tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ, mo ṣì ń bínú, mi ò sì tíì ṣe tán láti dá ọ̀kankan dúró. Tí o bá rí Màmá lọ́hùn-ún, pè wọ́n ní Màmá. Pè wọ́n sókè, kí gbogbo ará ibẹ̀ gbọ́.