Lórí Àkísà Tí Mo Fọ̀, àti Ìyá Tí O Ní O Kò Mọ̀

"Mi ò mọ obìnrin yẹn rí, ọ̀gá. Àlejò agbálẹ̀ wa ni."

Ọmọ mi ọkùnrin,

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìyẹn. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Mo fi ṣíwájú kí o má baà sọ pé ìyá rẹ ti dàgbà, etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Lẹ́yìn èyí, mo kí ọ bí ó ti yẹ kí ìyá kí ọmọ. Ara rẹ yóò le, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, bàálù tí o bá tún ṣe yóò gòkè ire, yóò sọ̀ kalẹ̀ ire. Orúnkún bàbá rẹ ti ń san, ó ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Àbúrò rẹ ti wálé láti wá bímọ, ó ti gba yàrá rẹ, a sì ti kó àwọn ìwé rẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, títí kan obìnrin tí o kò mọ̀ rí.

Jẹ́ kí a wá to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìwọ lo ní kí n wá wo ibi iṣẹ́ rẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bàálù wíwà. Mo múra, mo wọ bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀, mo wá. O mú mi wọ yàrá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sínú orí bàálù tí kò ní ìyẹ́, tó ń làágùn, tó ní òun ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùru. Mo gbàdúrà fún un pé yóò gúnlẹ̀ láyọ̀, ó sì ṣe àmín. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Títí di ìsinsìnyí n kò mọ ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà o wọ abẹ́ bàálù pẹ̀lú sípánà rẹ. Agbálẹ̀ yín, obìnrin oníbàtà rọ́bà yẹn, ló wá àga fún mi, ló bu omi fún mi, tó ní màmá ẹ̀ńjíníà, ẹ kú àbọ̀ o, ọmọ yín kì í fiṣẹ́ ṣeré rárá. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí àwọn àkísà tí ẹ fi ń nu epo nínú korobá, wọ́n rí bí ohun tí ajá sùn lé. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí èyí tí à ń rán mọ́ aṣọ ọmọ tó ń gbé iléèwé kó má baà sọnù lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ṣé èmi tí mo gboyè lórí ìtọ́jú ilé ní pólì ni kí n máa wo ìdọ̀tí ọmọ mi níran? Mo kó mẹ́ta sínú báàgì. Mo fi kẹrosíìnì yọ epo ara wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn, mo lọ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì o pè mí, ohùn rẹ le. O ní iye àkísà tó bá jáde láàárọ̀ gbọ́dọ̀ padà nírọ̀lẹ́. Bí ọ̀kan bá dín, bàálù kankan kò ní gbéra, torí ó lè wà nínú ẹ́ńjìnnì. O ní ẹ ti tú gbogbo bàálù wò. Mo sọ pé ọwọ́ mi ni wọ́n wà, mo tọrọ àforíjì, mo ní ó dàbọ̀. Mo rò pé bí mo ti dágbére fún fóònù náà, ó ti mọ̀ pé a ti parí ọ̀rọ̀. Kò mọ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ lórí tábìlì ìdáná, mo sì gbọ́ tí ọ̀gá rẹ ń béèrè pé ta ni màmá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá àkísà lánàá. Mo tẹ́tí sí ìdáhùn rẹ tayọ̀tayọ̀. O dáhùn bí mo ti kọ ọ́ ṣíwájú lẹ́tà yìí. Ọ̀gá rẹ wá ní kí agbálẹ̀ máa lọ sílé títí wọn yóò fi pè é.

Òfin yín dára. Èmi ni mo ṣẹ̀ sí i, n kò sì bínú pé o bá mi wí. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń fọwọ́ sí i pé bàálù pé kí ọmọ ọlọ́mọ tó gòkè. Bí àkísà bá lè mú ọ purọ́, kí ni nọ́ọ̀tì tí kò fún dáadáa yóò mú ọ ṣe lọ́jọ́ tí ojú bá ń tì ọ́? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; n kò rántí pé a kó irọ́ fún ọ.

Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí o lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sọ pé ìyá mi ni, èmi ni mo mú un wá, agbálẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o lọ bẹ obìnrin náà nílé rẹ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹnu tí yóò máa sọ òtítọ́ kí ọwọ́ rẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Èmi ni ìyá rẹ.

Àwọn àkísà náà wà nínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n mọ́ tónítóní. N kò ní fi wọ́n rán ẹnikẹ́ni. Bí n kò bá gbọ́ pé agbálẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi fúnra mi ni n ó kó wọn wá fún ọ̀gá rẹ, n ó sì dúró níwájú rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ń retí èsì rẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú.