Bàbá Mi, Wọ́n Ní Kí N Sọ Bóyá Kí Wọ́n Wó Ilé Tíátà Tí Ẹ Kan Òrùlé Rẹ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé òkú kì í ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé tíátà àárín ìlú ni wọ́n fẹ́ wó. Apá kan Arámọkọ ní kí báńkì wá kọ́lé síbẹ̀. Apá kejì ní ó di ẹ̀yìn ikú àwọn, pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré ti ṣeré, ibẹ̀ náà ni àwọn ti kọ́kọ́ rí sinimá. Wọ́n jà á títí, kò parí. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi ní Akúrẹ́, níbi tí mo ti ń bá ìjọba Oǹdó ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, pé kí n wá yẹ ilé náà wò. Ohun tí mo bá sọ lọ́la lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n máa ṣe. Ta ni wọ́n tún fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé bí kò ṣe ọmọ Òrùlé-ò-jò? Orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì ń pè yín.

Inú mi dùn nígbà tí mo ń bọ̀ o. Mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Láàárọ̀ yìí mo gun àkàbà wọ inú àjà. Gbogbo ìrókò yín le koko, àfi igi tó gùn jù, èyí tó dábùú àárín ilé. Mo fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ wọlé bí ẹni gún iṣu sísè. Ó ti tẹ̀, ó ti ti ògiri síta, ògiri sì ti sán láti òkè délẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kun ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò kun òkè. Òkè yẹn ni mo ti rí ọwọ́ yín. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe, tí pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí yín, tí ẹ ń kọ gbogbo nǹkan sára igi? Ọjọ́ tí wọ́n bí mi pàápàá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ kọ ọ́ sí. Ohun tí ẹ kọ síbi yìí ni pé arère ni, igi rírọ̀ lásán, pé ìrókò ò tó, pé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ló ti dé, tó tún lọ? Ṣé ojú ló tì yín láti sọ fún ìlú ni? Àbí ẹ sọ, wọn ò dá yín lóhùn? Ká ní ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ilé yìí ì bá dúró ju èmi gan-an lọ. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi kí ẹ tó kú? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́!

Ó wá yé mi báyìí ìdí tí ẹ kì í fi jókòó wo eré. Ẹ̀bá ògiri lẹ máa ń dúró sí, tí ẹ ń wòkè. Wọ́n á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé òrùlé yín dùn mọ́ yín ju eré lọ. Bí mo sunkún bí mi ò sunkún, ẹ ò jẹ́ kí n jókòó láàárín rí. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ni tèmi. Mo rò pé ẹ le ni. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́, Bàbá? Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá yín wí? Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń dán eré Kérésìmesì wò nínú ilé náà, Bọ́sẹ̀ ọmọ mi tó bá mi wá láti Akúrẹ́ wà láàárín wọn. Mo fà á lọ́wọ́, mo sọ ọ́ sínú mọ́tò, ó di ilé. A ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé ọmọ bí ogún ṣì kù lábẹ́ igi yẹn. Yéè! Mo padà síbẹ̀ bí aṣiwèrè. Síbẹ̀, orúkọ yín náà ni mo ń gbà sílẹ̀. Mo purọ́ fún tíṣà wọn pé mo rí ejò nínú àjà.

Àwọn ọmọ ò tíì jáde tán tí àwọn gẹ́ńdé fi kó àdá àti kùmọ̀ dé, wọ́n fẹ́ pa ejò. Ibi tí mo ti lé ọmọdé jáde, àgbà ń rọ́ wọlé! Ọ̀kan tiẹ̀ ti gun àkàbà mi, mo fà á lẹ́sẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo tì wọ́n síta, mo ti ilẹ̀kùn pa, mo mú kọ́kọ́rọ́ sá wálé. Wọ́n ti tẹ̀ lé mi dé ojúde báyìí, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá, pé Akúrẹ́ ti sọ mí di ojo.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tí màá kà fún ìlú. Mo kọ ọ́ pé ikán ló jẹ igi náà. Ikán kankan ò jẹ ẹ́, mo fà á ya. Mo tún kọ ọ́ pé kí wọ́n wó o nítorí báńkì, láìsọ ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn ilé náà ò ní gbà, wọ́n á máa ṣeré lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá mi jà. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin ni baba mi, kí ni kí n ṣe?

Kí wọ́n wó o ni màá sọ, Bàbá, màá sì sọ ohun tí ẹ kọ. Èmi tí ẹ fi owó káfíńtà rán níléèwé ni màá tú àṣírí yín lójú ìlú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ̀ mí lọ́mọ.

Ẹ gbọ́ ná. Ariwo ojúde ti dákẹ́. Wọn ò kanlẹ̀kùn mọ́. Wọ́n ti lọ já ilẹ̀kùn ilé tíátà nìyẹn! Kò lè dọ̀la mọ́. Mo ń sáré lọ sọ fún wọn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín dénú.