Omi Ìkòkò Ata

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Orúnkún ń dùn mí. Ìyá Ìgò ò pè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi obìnrin ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí — láti kékeré ló ti ń ṣa ìgò jọ, ìgò náà ló sì ń fi jẹun báyìí. Láàbù ló wà láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń se oògùn tí ẹnikẹ́ni ò lò rí, ó ń wá èyí tó máa pa kòkòrò ibà. Ọjọ́ kejìdínlógún ni ìgbìmọ̀ yunifásítì máa pè é, kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ tí kò bá pe bàbá ẹ̀ nírú àsìkò yìí, nǹkan wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin pè — Agbẹjọ́rò. Kò ka òfin o, ẹnu ló ní. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, àpilẹ̀kọ ẹ̀gbọ́n òun lórí oògùn ibà yẹn, àwọn onímọ̀ tó ti tọ́ka sí i káàkiri ayé ti lé ní irínwó. Orí ẹ̀ ni ipò ọ̀jọ̀gbọ́n náà dúró lé. Mo bi í pé ìgbà wo ni tiẹ̀, ìgbà wo ló máa gbéyàwó. Fóònù já. Àbí ó já a.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ó wá. Ó ti rù. Ó jókòó sórí àga ìyá ẹ̀ tó ti dolóògbé, kò bọ́ bàtà. Mo bu oúnjẹ fún un, ó ń fi ṣíbí fa ilà sí i lójú. Ó wá là á fún mi. Àwọn kan lókè òkun se oògùn náà gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, tiwọn ò pa nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní wọn ò mọṣẹ́. Ó wá lọ tún un sè fúnra ẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kòkòrò ń jẹ, wọ́n ń bímọ. Síńkì, irin tó lọ̀ mọ́ ọn nígbà tó ń sè é lọ́jọ́sí, ìyókù tí kò fọ̀ kúrò tán, òun ló ń pa wọ́n. Oògùn fúnra ẹ̀ ò mọ nǹkan kan.
Mo ní kó ṣàlàyé fún ẹni tí kò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó gbé omi kaná nínú ìkòkò ata tí kò fọ̀ dáadáa, tó wá ń pariwo pé omi ń ta, èmi nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún kó tó parí ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ẹ̀jẹ̀ ríru mi gòkè. Nọ́ọ̀sì bú mi bí ọmọ ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo pè é. Mo ní ta ló mọ̀? Ó ní òun nìkan ni wọ́n kọ̀wé sí. Mo ní ó dáa, kí ìgbìmọ̀ jókòó ná, kó di ọ̀jọ̀gbọ́n tán, kó tó wá kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ — ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n tóbi, á gbà á. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ogún ọjọ́. Mo ní ìyá ẹ ìbá — mi ò parí ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Agbẹjọ́rò gbà pẹ̀lú mi. Àkọ́kọ́ irú ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti bí i. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ó dé láàárọ̀, mo ti mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ́wọ́, mo fẹ́ lò ó. Mo tún bẹ̀rẹ̀ — ìgbìmọ̀, sùúrù, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní nínú àwọn irínwó yẹn, àwọn kan ti ń dán an wò lára eku. Wọ́n ń fi ọjọ́ ayé wọn ṣòfò lórí omi ìkòkò ata òun. Tó bá yá, á kan èèyàn. Ó wá wo ọwọ́ mi.
"Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́, Bàbá?"
Hóró oògùn náà ti ń yọ́ mọ́ mi látẹ́lẹwọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ó ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ àpilẹ̀kọ náà jáde pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kò di ẹ̀bi ru akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Òun nìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ìgbìmọ̀ ní ìwà ẹ̀ wú àwọn lórí, kó ṣì máa lọ sílé ná. Orí wú, àga ò sí.

Ọjọ́bọ̀, 20
Agbẹjọ́rò bá mi jà lórí fóònù, ó ní èmi ni mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ méjì, ìrònú mẹ́rin. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Ìyá Ìgò wá. Ó jẹun tán, ó tún bù sí i. Ó ní láti ọ̀la, òun máa yẹ gbogbo oògùn tí òun ti ṣàpilẹ̀kọ lé lórí rí wò, bóyá síńkì wà nínú tiwọn náà. Mo ní mélòó nínú wọn. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀, Bàbá." Bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ fọ abọ́.
Kò tíì pẹ́ tó sọ ọ́ tó fi sùn lọ sórí àga ìyá ẹ̀, tòun ti bàtà. Mo tẹ̀ ba, orúnkún mi ké, mo bọ́ bàtà náà fún un.
Mo wá rántí pé mi ò tíì lo oògùn tàárọ̀. Mo gbé hóró náà sọ́wọ́, mo wò ó títí. Mo gbàdúrà kó jẹ́ pé ọmọ tí kì í gbọ́ràn sí bàbá ẹ̀ lẹ́nu ló sè é. Mo gbé e mì.