Oògùn Sọ́ńdè Tó Wà Lójú Fèrèsé

Ilé Kejìlá,
Asata, Enugu,
Ìpínlẹ̀ Anambra.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 1986.

Adékọ̀yà, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ìyàwó ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Olúbísí ọmọ wa àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Èmi wà láàyè. Títílọlá ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, nítorí o mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ni mí. Àdá ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà le. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan gba yàrá nínú ọgbà wa láti oṣù kìn-ín-ní. Josephine lorúkọ rẹ̀, Kánádà ló ti wá. Ẹgbẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní Èkó lọ́hùn-ún ló rán an wá kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè òyìnbó. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni; owó oúnjẹ lásán ni wọ́n ń fún un.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ojú rẹ̀ rí màbo. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kì í na ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, yóò wá jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àníkẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ló bá ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ayé, títí kan ẹni tó ń kiri ọkpa, mọ́ínmọ́ín àwọn Ìgbò, láàárọ̀. Àwọn Ìgbò inú ọgbà rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní òyìnbó wá sí Enugu, ó wá di Yorùbá.

Ohun tó fẹ́ kò ju pé kó máa gbé bí a ti ń gbé. Ó ń bá àwọn obìnrin lọ pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń gbé e rù, ó ń dà á sára. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó ní oògùn ibà kan, nínú ìgò funfun, tó máa ń lò ní gbogbo Sọ́ńdè, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le bí òkúta. Ó ní oògùn náà ń mú kí òun lálàá burúkú. Mo bi í pé, "Ta lo rí nínú ọgbà yìí tó ń gbé oògùn mì láìsàn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó dé ìgò náà, ó gbé e sójú fèrèsé. Mo wá se àgbo fún un: ewé dógóyárò, èèpo máńgòrò àti ewé tíì, bí bàbá mi ṣe ń sè é fún wa lóko. Ó mu ún, ó fajú ro, gbogbo ọgbà pàtẹ́wọ́.

Ibà kọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Àgbo mi lé e lọ. Mo fi yangàn kiri Asata. Kò pẹ́ sí i, ìròyìn dé pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọ́ni ní Nsukka ṣàìsàn ibà, àwọn ọ̀gá wọn sì ti dá a padà sílùú rẹ̀. Ẹ̀rù ba Àníkẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni. Ó bẹ̀ mí pé bí ibà bá tún dé, kí n má jẹ́ kí ọ̀gá wọn gbọ́. Mo fọwọ́ kan àdá bàbá mi, mo búra fún un. O mọ̀ mí. Bí mo bá ti fọwọ́ kan irin, ó parí.

Ibà náà ti dé. Láti Sátidé ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti lọ sí abúlé rẹ̀. Mo se àgbo, ó bì í. Mo tún un sè kó ki, ó tún bì í. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Lánàá, Títílọlá gbé póò rẹ̀ jáde, ó ní kí n wá wò ó. Ìtọ̀ inú rẹ̀ dúdú bí omi tí a fi fọ èédú. Gbogbo ọdún tí mo fi wa èédú nílùú yìí, ẹ̀rù kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí nínú kòtò. Mama Nkechi tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa náà wò ó, ó ní, "Papa, dis one don pass dogoyaro." Mo ní kó lọ wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ òní kò kí mi. Kò sí obìnrin kan nínú ọgbà tó kí mi. Wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọmọ náà bí ẹni pé òkú ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi sì wà lọ́jà.

Àníkẹ́ ń ṣèrànrán, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ń ní kí wọ́n jókòó. Nígbà tí mo wọlé lọ́sàn-án, ó mọ̀ mí. Ó ní, "Baba, ṣé Sọ́ńdè ni òní?" Ọjọ́bọ̀ ni òní. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, Sọ́ńdè ni." Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró. Mo lọ sójú fèrèsé. Aláǹtakùn ti tàkùn láti ara ìgò náà dé ara igi fèrèsé.

Mo fún un lóògùn náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù. Àbúrò Mama Nkechi ti lọ wá ọkọ̀ tí a ó fi gbé e lọ sí ọsibítù. Àníkẹ́ ní òun kò lọ, pé mo búra.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Afọlábí, awakọ̀ tó ń ná Èkó, ni yóò mú lẹ́tà yìí wá bá ọ lówùúrọ̀ ọ̀la. Má fẹnu kan oúnjẹ kí o tó rán Olúbísí sí ọ́fíìsì wọn. Kó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ibà, ìtọ̀ dúdú, oògùn tí kò lò, àgbo tó lò. Kó dárúkọ mi. Kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Mi ò sọ pé àgbo bàbá mi kò dára. Òun ló wò mí dàgbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò sè é fún ọmọ Kánádà rí. Bí irin yóò bá bínú, orí tèmi ni kó bínú sí. Mo ti wí bẹ́ẹ̀ fún àdá náà.

Bá mi kí ìyàwó àti gbogbo ará ilé. Títílọlá kí yín. Àníkẹ́ náà kí ọ. Ó gbọ́ ohùn mi láti orí ibùsùn, ó béèrè ohun tí à ń kọ. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ni mò ń kí. Ó ní kí n bá òun kúnlẹ̀ kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀,
Alárápé.