Bàbá Mi, Ẹ Wádìí Ọkọ̀ Lásísì Kí Ẹ Tó Rà Á

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú àmójútó wa. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Kútọnù níbí. Màmá mi, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ gàrí, ẹ kú èéfín ojú. Ìyàwó mi, o kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣadé àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Ara mi le, mo ń jẹun, mo ń sùn.

Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá kan ló ń bá mi kọ èyí, torí ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá tí àlùfáà wa máa ń rà wá láti Ayétòrò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ ilé síta. Lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tí kò wù yín, ẹ máa ń sọ pé ẹ ò gbọ́ mi mọ́, ẹ ó sì gbé fóònù fún Màmá. Tó bá jẹ́ lẹ́tà lásán ni mo kọ, ẹ máa ní kí Ṣadé fo àárín, kó bọ́ síbi àdúrà. Àlùfáà kì í fo nǹkan kan. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó di dandan kí ẹ gbọ́ ọ tán.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe náà ni mo ṣì ń ṣe. Níwájú ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ni a ti ń fọ ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń rìn nílẹ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ máa wá fún àyẹ̀wò látìgbàdégbà, àwọn tó ni ín kò sì fẹ́ kí ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn ayẹkọ̀wò bá ń wò ó, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba yín ti ti bọ́dà, iṣẹ́ ti falẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó yẹ kó ti wọ Nàìjíríà wà lórí ìdúró, koríko ti ń hù láàárín táyà wọn. Ọyẹ́ ti dé, eruku pọ̀, omi tí a fi ń fọ ọkọ̀ tutù débi pé ìka ọwọ́ mi máa ń kú títí di ọ̀sán. Owó tí mo ń rí ti dín kù, ẹ sì ti rí i nínú ohun tí mo ń fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń gùn jù. Èdè Ègùn ni gbogbo àdúgbò ń sọ, tí ọ̀rẹ́ mi bá sì ti jáde, mo lè wà látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú láìsọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Ó ti mọ́ mi lára.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti píkọ́ọ̀pù tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ Lásísì tó ń gbé lẹ́yìn ọjà Ìlárá. Èrò yín kò burú. Ṣadé sọ fún mi pé kò sí epo mọ́ láwọn ilé epo ìtòsí bọ́dà, pé àwọn ọlọ́kadà ń béèrè ohun tó wù wọ́n, pé ẹ̀gẹ́ tí ẹ hú ń jẹrà lórí oko. Ó tún ní ẹ ti sọ pé ọjọ́ ọjà ni Màmá àtàwọn ìyá tí wọ́n jọ ń yan gàrí yóò máa bá yín lọ sí Ayétòrò, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn lórí àpò. Ibi tí mo ti dìde jókòó nìyẹn.

Ẹ rántí pé mo pè yín. Mo bi yín báwo ni ẹ ṣe yẹ ọkọ̀ náà wò. Ẹ ní ẹ ti béèrè ilé tí Lásísì ti wá, pé bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí èèyàn kì í tún iṣu tó bá ti kà sílẹ̀ kà. Ẹ ní ẹ di ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ jókòó síwájú, ẹ lọ sóko ẹ bọ̀, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo bi yín nípa ìwé àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ ní ó wà, tuntun ni, òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Mo ní ti àtijọ́ ńkọ́, èyí tó gbà kí ó tó dé ọwọ́ Lásísì. Ẹ wá bi mí pé ṣé èmi tí mi ò lè kọ orúkọ ara mi náà ni mo ń béèrè ìwé. Mo rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Ẹ ní ẹ ti ń wo eyín ẹran kí ẹ tó rà á kí wọ́n tó bí mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ ò gbọ́ mi mọ́.

Bàbá, ìwé tuntun kò ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ lọ. Àwọn kan wà tó máa ń bá èèyàn gba irú rẹ̀ wá tí ọkọ̀ kò kúrò nínú ọgbà. Àwọn ti àtijọ́ ló máa ń sọ ohun tó ti ń ṣe ọkọ̀ bọ̀, bóyá wọ́n tún un ṣe, bóyá wọ́n kàn gbé e sá lọ. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó mi, ẹ rán èèyàn lọ sí Ìlọbi, wọ́n béèrè ìdílé rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, bóyá wàrápá wà níbẹ̀, bóyá àwọn obìnrin wọn kì í pẹ́ nílé ọkọ. Inú bí mi nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdílé Lásísì ni ẹ wádìí. Ìkórè tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ náà. Ẹ wádìí ọkọ, ẹ ò wádìí ìyàwó.

Èmi ni mo ní kí Ṣadé ya àwòrán nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin ọkọ̀ náà, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má bá a wí. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan níbi àyẹ̀wò, ẹni tí mo máa ń fọ ọkọ̀ fún. Ó wò ó fún mi. Ó ní ilẹ̀ yìí ni ọkọ̀ náà ti rìn, Kétu ni wọ́n ti ń lò ó. Ó ní wọ́n dá a padà nígbà tó wá gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí olówó rẹ̀ lọ tún ṣáàsí rẹ̀ ṣe, ìyẹn irin gígùn tó gbé gbogbo ara ọkọ̀ dúró, kó sì gbé e padà wá. Kò padà wá.

Mo wọkọ̀ lọ sí Kétu. Mo béèrè láàárín àwọn awakọ̀ títí mo fi rí ẹni tó ti wà á rí, bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe báyìí. Mo dárúkọ ọkọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ó ṣì wà láyé. Ó ní òun bá a gbé ju bí òun ṣe bá ìyàwó òun gbé lọ, àwọn méjèèjì ló sì ba ẹ̀yìn òun jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé bàbá mi ló fẹ́ rà á, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí ni irin náà ti sán, lápá òsì. Ó ní wọ́n fi iná jó o pọ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ó ní tí ó bá gbé ẹrù lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò ní ṣe nǹkan kan, èèyàn á máa yìn ín. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kòtò ló máa ṣí i. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ ọ tó dún ká lábẹ́ òun, òun gbé e padà fún olówó rẹ̀, òun fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Bàbá, ọ̀nà oko yín tẹ́jú. Ọ̀nà Ayétòrò kò tẹ́jú, ẹ sì mọ àwọn kòtò rẹ̀ jù mí lọ.

Láti ibi tí mo dúró sí ní Kétu, kí wọ́n tó ti bọ́dà, ọ̀kadà á ti gbé mi dé iwájú ilé wa kí oúnjẹ àárọ̀ tó tutù. Mo rò ó. Àwọn èèyàn ní àwọn ṣọ́jà wà lójú ọ̀nà, pé ẹni tí wọ́n bá sì mú nínú igbó, wọn kì í gbọ́ àlàyé rẹ̀. Mo padà sí Kútọnù.

Mi ò ní kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, torí ẹ ò gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́ rí àfi ojú ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ẹ họ ọ̀dà dúdú ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀, lápá òsì. Tí Lásísì bá ní kí ẹ má họ ọ́, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn. Kì í ṣe pé mo ní olè ni. Ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀, bí wọ́n ṣe tà á fún un ló ṣe fẹ́ tà á fún yín. Tí ẹ bá họ ọ́ tí irin náà dán gbọọrọ, tí ẹ ò rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o, ẹ rà á, n óò gbà níwájú gbogbo èèyàn pé èmi ni mo ṣàṣìṣe.

Tí ẹ bá rí i, tí ẹ ṣì fẹ́ rà á, ẹ̀yin lẹ ni owó yín. Ṣùgbọ́n mo ti bá Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní gùn ún. Wọ́n ti sọ fún àwọn ìyá tó kù, àwọn náà sì ní àwọn á máa bá ọlọ́kadà jà bí àwọn ṣe ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà mọ́, Bàbá, àfi ẹ̀gẹ́. Ẹni tó kù síwájú ni mi ò mọ bí mo ṣe máa dá lẹ́kun. Ẹ̀yin ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹ iṣu tuntun púpọ̀ sí i. Kó má jẹ́ kí a gbọ́ ìró búburú lójú ọ̀nà. Kó ṣí ọ̀nà yìí, kí n lè fi ẹsẹ̀ ara mi wọlé wá kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí àlùfáà tó ka èyí dópin, ẹ bá mi kí Lásísì náà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fọ ọkọ̀ ní Kútọnù.